Omi lé wọn kúrò nílé, kíláàsì di ibùsùn: ta ni kó ṣáájú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kan ní Òṣogbo. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn òjò ńlá tó rọ̀, omi ya wọ ilé àwọn ènìyàn lẹ́bàá odò ládùúgbò wa. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni wọ́n sá wọ̀. Ìdílé bí ogún ló ń sùn nínú kíláàsì báyìí, àwọn ọmọ kò sì rí ibi jókòó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọ kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan àti NGO kan kó ìwé ìkọ̀wé wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, èkejì tó wà nísàlẹ̀ kò rí ohunkóhun. Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ pé kí n bá wọn tò ó. Ta ló yẹ kó jẹ́ olórí? Ṣé ká lé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn jáde ni? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ohun mẹ́ta lẹ béèrè: ta ni olórí, kí ni ká ṣe sí àwọn tó ń sùn nínú kíláàsì, àti bí ẹ̀bùn yóò ṣe dé ibi tó yẹ. Ẹ̀kẹrin wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, òun ló sì ká mi lára jù: àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan nínú méjèèjì báyìí. Bí omi bá lé ènìyàn kúrò nílé ní Òṣogbo, kì í ṣe inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ń sá sí. Ilé ẹ̀gbọ́n ni, ilé àna, ilé ọ̀rẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ọ̀ta-Ẹ̀fun. Àwọn mìíràn a kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkìrun tàbí Ẹdẹ. Ogún ìdílé tí ẹ ń rí yẹn, apá kan lásán ni. Ọmọ tó ń sùn ní pálọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ìlú, tí kò ní yunifọ́ọ̀mù mọ́, tí ìwé rẹ̀ ti bá omi lọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rí i. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tàbí tapólì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn gbà, tó ń sọ ibi tí àwọn ọmọ wà, ohun tí wọ́n ṣaláìní, àti ẹni tó ti gbà láti ṣe é. Orí ìyẹn ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ olórí, torí ibẹ̀ ni ìjà ti sábà ń bẹ́. Àwọn kan gbà pé ẹni tó kó ẹrù tó pọ̀ jù wá ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn mìíràn ń retí UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Lóòótọ́, láti ìgbà àtúntò ọdún 2005, àwọn àjọ aṣèrànwọ́ àgbáyé ti pín iṣẹ́ pàjáwìrì sí ẹ̀ka ẹ̀ka: omi lọ́tọ̀, ìlera lọ́tọ̀, ibùgbé lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ náà lọ́tọ̀. UNICEF àti Save the Children ló jọ ń darí ti ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé. Ní Bọ̀rnó, Adamawa àti Yobe, níbi tí Boko Haram ti ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ẹgbẹ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti UNICEF jọ ń jókòó sí ìdí tábìlì kan. Ṣùgbọ́n àjálù tó bá kọjá agbára ìjọba ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún. Omíyalé tó kan àdúgbò mélòó kan kì í gbé e dìde, ẹ má sì fi ìrètí rẹ̀ pa ọ̀sẹ̀ kankan. Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ní ibi tí wọ́n ti gbé e dìde pàápàá, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀yìn ìjọba ló ń dúró sí. Ìlànà tó kéré jù fún ẹ̀kọ́ nígbà pàjáwìrì, èyí tí INEE, ìṣọ̀kan àwọn àjọ tó ń bójú tó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé, kọ́kọ́ gbé jáde ní 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2010 àti 2024, fi ìkópa àwọn ará àdúgbò àti ìṣọ̀kan iṣẹ́ sínú ìpìlẹ̀, kó tó dé orí ọ̀rọ̀ kíláàsì tàbí olùkọ́. Ìgbìmọ̀ yín kò dúró de àṣẹ àgbáyé kankan kó tó lè ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ní tiyín, olórí ni ẹni tí òfin ti gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3 wà lábẹ́ SUBEB, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń bójú tó o nísàlẹ̀. Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kó jẹ́ alága ìpàdé yín. Ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ibùgbé, oúnjẹ àti aṣọ àwọn tí omi lé jáde, SEMA tí í ṣe àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ ló ni ín. NEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1999, a máa wá bí ó bá ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Nǹkan kan wà ní Òṣogbo tó ń da iṣẹ́ rú tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: ìlú kan ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ló pín in. Ẹni tó bá tún sún díẹ̀ sí ìhà Ọ̀fàtẹ̀dó tàbí Ìdó-Ọ̀ṣun ti wọ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Ìdílé tó sá láti etí odò lọ sí Ìgbóǹnà ti kúrò lábẹ́ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn, kò sì sí èyí tó máa kà á nínú méjèèjì bí wọn kò bá jọ jókòó. Ẹ bẹ SUBEB kó yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn akọ̀wé wọ̀nyí jọ máa jábọ̀ fún. Ìgbìmọ̀ tiyín wá jẹ́ ojú àti ẹsẹ̀ wọn ládùúgbò. Bí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ kò bá tíì yọjú, ẹ má dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó bá dé, iṣẹ́ tirẹ̀ ló bá nílẹ̀.

Kíkà àwọn ọmọ dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló ń yọnu jù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kíkà wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀bùn dé. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa sọ pé omi lé òun kúrò nílé. Ẹ kà wọ́n ní alẹ́ níbi tí wọ́n ń sùn, kí ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn lẹ́nu rárá. Àṣìṣe kejì ni gbígba iye tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kà nínú rẹ́jísítà. Rẹ́jísítà ń sọ iye tó forúkọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò sọ iye tó jókòó lónìí. Iye mẹ́ta lẹ nílò fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan: iye tó wà kí omi tó dé, iye tó wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, àti iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ pín ọkùnrin àti obìnrin níyà, kí ẹ sì ṣàkíyèsí ọmọ tó ní àléébù ara. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ṣí kúrò, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ orí, kíláàsì, ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ibi tó ń sùn báyìí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ tẹ́lẹ̀ yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní ibi tó sá sí, àti ní ìjọ tó ti gba ìrẹsì. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ iléèwé aládàáni, tó pọ̀ gan-an nílùú yìí, àwọn ọmọ ilé kéú, àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn tó ń kó ìrànwọ́ wá kì í sábà rántí iléèwé aládàáni, wọ́n gbà pé olówó ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé òbí tó ń san owó iléèwé díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ọjà lè pàdánù gbogbo ọjà rẹ̀ sínú omi lóru ọjọ́ kan.

Àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jí ọmọ gbé, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 náà kò sì gbà á láyè. Ẹni kan tàbí méjì ni kó máa pa á mọ́. Àròpọ̀ iye nìkan ni ẹ máa gbé síta.

Ẹ̀yìn èyí ni tábìlì iṣẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ onílà àti àpótí, òun ló máa dáhùn ọ̀rọ̀ ìwé tó lọ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣeé ṣe sínú ìwé ńlá kan tàbí lórí kọ̀ǹpútà, èyíkéyìí tí akọ̀wé bá mọ̀ ọ́n lò. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gba ìlà kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, wọ́ọ̀dù rẹ̀, iye ọmọ bí mo ṣe sọ lókè, iye kíláàsì tó ṣeé jókòó sí, iye ojú ṣálángá tó ń ṣiṣẹ́, bóyá omi wà, àti iye olùkọ́ tó ń wá. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ohun tí wọ́n nílò, ẹni tó ṣèlérí rẹ̀, iye tó ṣèlérí, ọjọ́ tó dá, iye tó dé gan-an, àti ẹni tó gbà á. Ìlérí àti ohun tó dé kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan náà. Bí wọ́n bá wà pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan ṣèlérí fún lásán yóò dà bí èyí tó ti rí gbà, kò sì ní sí ẹni tó máa yà síbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á tí ẹ̀bùn fi ń rọ́ lọ síbi kan. Èrò burúkú kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó fẹ́ ṣoore máa ń lọ síbi tí ọkọ̀ lè dé, síbi tí ó ti mọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, síbi tí fọ́tò àkọ́kọ́ ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ kò ní ọ̀kankan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pè yín pé òun fẹ́ mú nǹkan wá, ẹ má dáhùn pé "ẹ máa bọ̀." Ẹ ka ìlà tó ṣófo fún un: ilé ẹ̀kọ́ báyìí, Prámárì 4 àti 5, ọmọ báyìí, wọn kò ní ìwé, ọ̀kadà nìkan ló lè dé ibẹ̀, a ó rán ẹni tó mọ ọ̀nà sí yín. Ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ máa ń dúpẹ́ pé ẹnì kan lè sọ ohun tó kù gan-an fún wọn. Tí ẹnì kan bá kọ̀ tó ní ibi tóun fẹ́ lòun máa lọ, ẹ kò ní agbára láti dá a dúró. Ẹ ṣáà kọ ohun tó mú wá sílẹ̀.

Ìpàdé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ, ọjọ́ kan náà, ibi kan náà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí àjọ kọ̀ọ̀kan máa ka iṣẹ́ rere tó ti ṣe. Tábìlì ni kí ẹ gbé síwájú: ohun tó parí, ohun tó ṣófo, ẹni tó gbà á. Ènìyàn méje sí mẹ́sàn-án tó, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin tó mọ ilé àwọn ènìyàn bá wà níbẹ̀, tí wolé-wolé wà níbẹ̀, tí aṣojú àwọn tí omi lé jáde fúnra wọn sì wà níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sùn nínú kíláàsì. Ẹ má lé wọn. Ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí àdéhùn, torí bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, bẹ́ńṣì á ti di igi ìdáná, ilẹ̀kùn á ti yọ, ṣálángá á ti kún, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ìdílé á sì ti di ọ̀tá ara wọn. Ìyá tó ń dáná ní ẹnu ọ̀nà Prámárì 2 kò wá ba ẹ̀kọ́ jẹ́, ọmọ tirẹ̀ náà wà lára àwọn tí kò rí ibi jókòó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ láàárín ìjọba ìbílẹ̀ tàbí SEMA, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti aṣojú méjì láti inú àwọn ìdílé náà, obìnrin kan ó kéré tán. Ẹ kọ kíláàsì tí wọ́n lè lò àti èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó bẹ́ńṣì àti tábìlì jáde kúrò níbi tí wọ́n ń sùn, kí ẹ ti àwọn ẹrù náà mọ́ inú yàrá kan, kí ẹ sì ka iye wọn síwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ wá ibi ìdáná kan lóde. Ẹ ya ṣálángá àwọn àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, àti ibi tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́ ìkúrò tí kò ní ibi ìlọ nínú, ìwé lásán ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti máa bi SEMA léèrè gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ìjọ tàbí ti mọ́sálásí, tàbí owó ilé fún oṣù mélòó kan fún àwọn tí ilé wọn wó pátápátá. Àwọn tí ilé wọn kàn kún fún ẹrẹ̀ lè tètè padà bí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá bá wọn kó o jáde. Ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù lè dá kíláàsì padà yára ju lẹ́tà sí Abẹ́rẹ́ lọ.

Kí ọmọ kankan tó padà sínú kíláàsì tí omi wọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ilé wò ó. Ògiri tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ mu omi lè dúró níwọ̀n ìgbà tó tutù, kó wá lanu tàbí kó wó nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ wo ìpìlẹ̀ bóyá omi ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wo wáyà iná, wo inú sílíìnì àti ẹ̀yìn àpótí fún ejò. Kànga tí omi àgbàrá wọ̀ kò ṣeé mu títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi gbọ́n ọn gbẹ, tí wọ́n á sì fi oògùn apakòkòrò sí i. Bí ṣálángá bá ti pò mọ́ omi kànga, àrùn onígbáméjì kò jìnnà mọ́. Ẹ̀tọ́ ọmọ iléèwé kọ̀ọ̀kan ni lítà omi 3 lójúmọ́ fún mímu àti ìfọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Sphere tí àwọn aṣèrànwọ́ ń lò. Iléèwé tó ní ọmọ 420 yóò lo lítà 1,260 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó ju 50 lọ. Ẹ lè rí i pé kẹ́ẹ̀gì márùn-ún tí ẹnì kan gbé sẹ́nu ọ̀nà kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà yẹn kan náà sọ pé ojú ṣálángá 1 fún ọmọbìnrin 30, àti 1 fún ọmọkùnrin 60. Bí ìdajì ọmọ 420 yẹn bá jẹ́ obìnrin, ojú 7 ni tiwọn, 4 ni ti àwọn ọkùnrin. Bí àgbà àti ọmọ tó 100 bá tún ń sùn nínú ọgbà, ẹ fi ojú 2 kún un ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di 5 bí wọ́n bá pẹ́. Ilé ìgbẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tó ń tì láti inú, omi, àti ibi tí wọ́n lè da ìdọ̀tí nù sí. Àìsí nǹkan wọ̀nyí ló ń mú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin dúró sílé lẹ́yìn àjálù, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ tó jẹ́ ọkùnrin nìkan.

Ní ti ibi tí àwọn ọmọ máa jókòó títí kíláàsì yóò fi ṣófo, ọ̀nà mẹ́rin ló wà, kò sì sí èyí tó dára tán nínú wọn. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pínpín ọjọ́ sí méjì: apá kan láti 7:30 sí 11:30, apá kejì láti 12:00 sí 4:00. Kò ná owó púpọ̀, ilé tó wà nílẹ̀ lẹ ń lò. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n máa ń fi olùkọ́ kan náà ṣe méjèèjì láìfún un ní nǹkan kan, bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, àárẹ̀ á mú un, apá ọ̀sán á sì kú. Ẹ fi àwọn ọmọ kékeré sí àárọ̀, ẹ fi àwọn ńlá sí ọ̀sán, kí ẹ sì wo ọ̀nà tí àwọn ọmọbìnrin ń gbà lọ sílé bí ilẹ̀ bá ń ṣú lásìkò òjò. Ọ̀nà kejì ni kánópì tàbí tapólì. Ó yá láti ṣe, àmọ́ ooru inú rẹ̀ ní ọ̀sán kò ṣeé fara dà, atẹ́gùn òjò a gbé e, owó tí a fi ń yá kánópì lójoojúmọ́ sì lè ju owó àtúnṣe òrùlé kíláàsì kan lọ kó tó pé oṣù kan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ibi gíga ni kó wà, ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká kí omi má wọlé, kí ó má sì jẹ́ Prámárì 1 lẹ máa fi síbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kíkó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìlànà ìjọba fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ 35 fún olùkọ́ 1. Ẹ béèrè iye tó wà níbẹ̀ ná kí ẹ tó fi 40 kún un, kí ẹ sì wò bóyá ọmọ kékeré máa dá sọdá afárá tàbí títì ńlá. Bí ẹ bá kó ọmọ lọ, ẹ kó olùkọ́ wọn tẹ̀lé wọn. Ọ̀nà kẹrin ni gbígbé ìsinmi síwájú. Bí omi bá dé ní àárín oṣù keje, tí sáà kẹta ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó bọ́gbọ́n mu, SUBEB ló sì lè pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò wa tún máa ń le ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn iléèwé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọjà ní Ìgbóǹnà tàbí Old Garage kò ní padà mọ́. Ẹ̀kọ́ orí rédíò wúlò gẹ́gẹ́ bí àfikún, OSBC, iléeṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀, sì wà nítòsí, àmọ́ nígbà tí wọ́n ti gbogbo iléèwé pa ní oṣù kẹta 2020, a rí i pé ọmọ tí kò ní rédíò, bátìrì àti àgbà tó máa jókòó tì í kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Àwọn tó sá lọ sọ́dọ̀ ẹbí, ìwé ìkéde kan ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Ẹ bẹ SUBEB kó kọ̀wé sí gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tọ́rọ̀ kàn pé kí wọ́n gba ọmọ tí omi lé jáde láìbéèrè lẹ́tà ìkúrò, yunifọ́ọ̀mù tàbí owó ẹgbẹ́ òbí títí sáà yóò fi parí. Láìsí ìwé yẹn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní àánú máa gbà wọ́n, èyí tó ń bẹ̀rù ọ̀gá tirẹ̀ máa lé wọn padà, ẹ kò sì lè dá a lẹ́bi.

Àwọn olùkọ́ náà ń gbé ládùúgbò, omi wọ ilé wọn. Ẹ kà wọ́n bí ẹ ṣe ka ọmọ. Bí ẹ bá máa lo olùrànlọ́wọ́ láti àdúgbò, ẹ jẹ́ kí gbogbo àjọ fẹnu kò sí iye kan náà tí wọ́n máa fún wọn. Ọ̀pọ̀ ètò ló ti túká nítorí pé àjọ kan ń san ìlọ́po méjì ohun tí èkejì ń san, tí gbogbo ènìyàn sì rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì, ẹni tí àdúgbò mọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí rẹ̀, kó buwọ́ lu ìwé ìwà tó tọ́ sí ọmọdé, kó sì mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi kọ́lọ́fín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ̀kọ́ kúrú, kí orin, àlọ́ àti eré pọ̀, kí àkókò má máa yẹ̀. Ẹ má fipá mú ọmọ sọ ohun tó rí lóru ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú wọn máa padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá rí olùkọ́ kan náà ní aago kan náà lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, tí ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò lè sùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera. Ìfẹ́ olùkọ́ nìkan kò tó fún ìyẹn.

Ẹrù ìwé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpótí iléèwé tí UNICEF ń kó kiri wà fún ọmọ 40 àti olùkọ́ kan, ibi tí ọjà ti bàjẹ́ ló sì wúlò jù sí. Ọjà Òṣogbo ṣì ń ná, ẹ ra nǹkan níbẹ̀. Ẹ bi olùkọ́ léèrè kí ẹ tó rà: ìwé 40 leaves ti tó fún Prámárì 1, kò lè tó fún JSS 3. Gbogbo ọmọ inú kíláàsì ni kí ẹ fún, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìkan. Tálákà ni ọmọ tó gbà wọ́n sórí bẹ́ńṣì rẹ̀ náà, bí a bá sì yọ ọ́ sílẹ̀, ìjà ló ń dà lákòókò ìsinmi kékeré.

Àwọn ibi kan wà tí ìgbìmọ̀ yín kò lè dé. Ẹ kò lè gbé olùkọ́ láti ibi kan síbòmíràn, ẹ kò lè yí ọjọ́ ìdánwò padà, ẹ kò lè fọwọ́ sí i pé ilé kan kò ní wó. Àkọsílẹ̀ tó mọ́ jù lọ kò sì lè mú owó jáde níbi tí kò sí. Ohun tó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé òun kò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀ yẹn wà. Ó tún ṣeé ṣe kí àwọn olóṣèlú fẹ́ gba ìgbìmọ̀ náà. Ẹ gba ẹ̀bùn wọn, ẹ kọ ọ́ sínú tábìlì bí ti gbogbo ènìyàn, kí ẹ má sì jẹ́ kí àmì ẹgbẹ́ kankan wọ inú ọgbà iléèwé.

Ohun kan tó kù tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ni ti àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹ ya àwọn ọmọ JSS 3 àti SS 3 sọ́tọ̀ nínú kíkà yín. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè fún. Bí omi bá ba ìwé tí máàkì wọn láti ẹ̀yìn wá wà nínú rẹ̀ jẹ́, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tètè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, kó sì kó èyí tó kù lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan jọ kí wọ́n tó gbàgbé. Ìwé tí kò tíì jẹrà, ẹ má sá a sóòrùn gangan, ojú ewé á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ fi bébà gbígbẹ sáàárín ewé rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Òbí tí ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ sọnù lè ní láti kọ́kọ́ gba ìwé ìbúra ní kóòtù kó tó lọ sọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. Ẹ bẹ àjọ náà kó rán òṣìṣẹ́ kan wá sí àdúgbò yín fún ọjọ́ kan, kó má baà jẹ́ pé ìyá kọ̀ọ̀kan á tún fi owó mọ́tò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sá kiri. Nígbà tí kíláàsì bá ṣófo, kí ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ fún ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbuwọ́lù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ́jísítà iléèwé méjèèjì sí ibì kan tó jìnnà sí odò kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé.